Odò Irin

Huai Lek ni wọ́n ń pe odò wa,
Odò Irin, bí a bá túmọ̀ rẹ̀.
Etí odò yìí ni ìyá mi, Phikun, ti bí ọmọ márùn-ún,
irin inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Ó ń jẹ ilẹ̀.
Mo ká a mọ́ ẹ̀yìn àká ìrẹsì lọ́jọ́ kan,
amọ̀ pupa létè rẹ̀,
inú ìpénpéjú rẹ̀ funfun bí òwú.
Ó ní, "Má sọ fún bàbá rẹ."
N kò sọ.

Lórí òkè, láti ìgbà tí bàbá mi ti wà lọ́mọdé,
wọ́n ń wa síńkì.
Ẹ̀rọ ń kùn tọ̀sán-tòru,
òkè ń fọ́, òjò ń gbá àfọ́kù rẹ̀ wá bá wa.
Odò gbà á. Oko ìrẹsì gbà á lọ́wọ́ odò.
Omi kò yí àwọ̀ padà, ẹja kò kú,
ta ni ìbá fura?
Ìrẹsì ọdún yẹn yọmọ dáadáa. A tilẹ̀ dúpẹ́.

Wandi, nọ́ọ̀sì tó ń gun alùpùpù wá lọ́jọọjọ́ Ìṣẹ́gun,
òun ló là á yé mi lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.
Ó fi ìka ya ilẹ̀kùn kan sórí tábìlì tí omi dà sí.
"Inú ìfun ni ilẹ̀kùn yìí wà. Irin ló ni ín.
Bí irin bá wọ́n, ara á ṣí i sílẹ̀ gbayawu,
á dúró lẹ́nu ọ̀nà
bí abiyamọ tí òjò ká ọmọ rẹ̀ mọ́ ilé ìwé.
Ohun tó bá ti jọ irin lókùnkùn, á ní kó wọlé.
Kádímíọ̀mù sì jọ irin lókùnkùn."

Wọ́n ní bí ògiri ò lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́.
Kí ló wá la ògiri ìyá mi lẹ́nu?
Ọmọ márùn-ún ni. Ìrẹsì àti ata ni, láàárọ̀, lálẹ́.
Bí ẹran bá wà, bàbá mi ló kọ́kọ́ ń bù,
Thongdi á tẹ̀ lé e, torí pé ọkùnrin ni.
Ìyá mi á la omi ọbẹ̀.
Aláǹgbá tó wọlé yìí kì í sì í tètè jáde:
inú kíndìnrín ló ń tẹ́ ẹní sí,
ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún.

Ó pé ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta kí èèrà tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò síbi tó bá tọ̀ sí.
Ìyá mi, tí kì í fi ṣúgà sí tíì!
"Ṣé òkè yẹn náà ló fà á?" ni mo bi Wandi.
Ó nu ilẹ̀kùn orí tábìlì nù.
"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ ọjọ́ orí. Ó lè jẹ́ ìdílé.
Àwọn tó ń ṣèwádìí rẹ̀ kò tíì fẹnu kò."
Oògùn irin tó fún un, kíkà ló ń kà á;
ó ní irin tó bá pọ̀ jù náà ń dá kún àtọ̀gbẹ.

Ìjọba wá. Wọ́n kó ìrẹsì wa, wọ́n dáná sun ún,
wọ́n ní ká gbin ìrèké,
kì í ṣe fún jíjẹ o, epo ọkọ̀ ni wọn yóò fi ṣe.
Ìrèké wá yí ilé ìyá mi ká báyìí,
ó ga ju òrùlé lọ,
òun jókòó sáàárín rẹ̀, ó ń gún ìka rẹ̀ lábẹ́rẹ́,
ó ń wo nọ́ńbà.
Lọ́jọ́ kan ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.
N kò béèrè ìdí.

Ọmọbìnrin mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù.
Lánàá mo se ẹ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀,
mo bu tirẹ̀ ṣáájú ti gbogbo ilé.
Thongdi wò mí.
Mo wò ó padà.